Ta Ló Ní Ọ̀rọ̀ Tó Fi U Bẹ̀rẹ̀?

Lẹ́tà U ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ọmọ á ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi níbí ní Àgbádárìgì lálẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ, wọ́n á fa ìlà sínú ìwé, orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú, ẹranko, nǹkan, eré á sì máa lọ wẹ́rẹ́ títí ẹni tó ń ka ábídí sínú á fi dúró lórí U. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ariwo ló máa ń tẹ̀ lé e.

Ta ni kò ṣe eré yẹn nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ẹnì kan á máa ka lẹ́tà sínú, ẹnì kejì á ní "ó tó!", lẹ́tà tó bá bọ́ sí ni gbogbo yín á fi wá ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ohun tí ìwọ nìkan kọ, máàkì mẹ́wàá. Ohun tí ẹ jọ kọ, márùn-ún márùn-ún. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ṣe é láyé tiwa. Tó bá ti di Z, gbogbo kíláàsì ló máa kọ zebra. Tó bá di Q, queen lẹ máa bá nínú ìwé gbogbo ènìyàn, àfi ti ọmọ tó bá ń wo ìwé ẹlòmíràn tí kò ríran dáadáa.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìnnì ìsinmi fáwọn ọmọ àdúgbò ni mo ní kí wọ́n máa fi Yorùbá ṣe é, èmi ni mo sì ń dá ẹjọ́. Àga adájọ́ yẹn ló jẹ́ kí n rí i pé iṣẹ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò ṣe é fún wa.

Ẹ jẹ́ ká ti orí U bẹ̀rẹ̀. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀ kì í fi U bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kò gbà. Ọ̀kan ní yunifọ́ọ̀mù. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ ká rí i. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni Y yọjú níwájú, òun fúnra rẹ̀ ló fi bírò gé e nù. Yunifásítì náà, Y ni. Àní ọ̀rọ̀ tí a yá wọlé pàápàá ń sá fún U níwájú. Ibi tá a ti ń fa èyí ni ìyá kan nílé kejì, ọmọ Èkìtì, ti yọ orí lójú fèrèsé: "Tíṣà, ulé ńkọ́? Uṣẹ́ ńkọ́? Àbí àwa kì í ṣe Yorùbá ni?" Ó tún fi orúkọ ìlú lé e, Ùsì, ní Èkìtì níbẹ̀. Ọmọ tó súnmọ́ fèrèsé jù ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó lanu.

Mo fún un ní máàkì. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan kò fara mọ́ ọn, wọ́n ní ulé kò sí nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi kì í ṣe gbọ̀ngàn ìdánwò. Àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń fi U bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbi tí àwa ti ń fi I bẹ̀rẹ̀ tiwa, wọn kò sì gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìjà kejì wá látorí orúkọ ìlú tá a ń gbé gan-an. B bọ́ sílẹ̀, gbogbo wọn kọ Badagry, márùn-ún márùn-ún. Nígbà tó yá A bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan kọ Àgbádárìgì. "Àǹtí, ìlú kan náà ni! Kò lè wà ní B kó tún wà ní A!" Pátákó ojú títì márosẹ̀ ń sọ ti B, ẹnu àwọn àgbà ń sọ ti A. Ọmọ Ògù kan tó wà láàárín wọn ní kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, pé Gbagli làwọn ń pè é nílé. Ìlú kan, lẹ́tà mẹ́ta, tí a bá gbà pé Gb dá dúró. Ó sì dá dúró; màá padà síbẹ̀.

Ẹ wá wo bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe tirẹ̀. Nígbà tí Robert Cawdrey tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1604, èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní láti ṣàlàyé fáwọn tó máa kà á pé kí wọ́n kọ́ ábídí sórí dáadáa, kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá fi a bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ iwájú ìwé ló wà, èyí tó bá fi v bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ẹ̀yìn. Ohun tí ọmọ ọdún méje ń ṣe lónìí láìronú, àlàyé ló gbà nígbà náà. Lónìí fóònù ló ń bá wọn wá a. Ẹ tẹ ST, ẹ ní lẹ́tà márùn-ún lẹ fẹ́, ó máa da stone, stand, storm àti stick sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó mí. Àti ìgbà tí Josh Wardle ti gbé Wordle, eré wíwá ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún, jáde ní 2021 ni irú ìwákúwàá yìí ti wọ ara àwọn èèyàn, títí kan àwọn tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ fún wọn kò ṣòro. Ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gùn: fish, fishes, fished, fishing, fisherman. Orí dúró gbọn-in, F ni láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí S níyì lórí pátákó Scrabble. Mẹ́rin péré ló wà nínú ọgọ́rùn-ún ègé, ẹni tó bá ní ọ̀kan lọ́wọ́ lè fi gun ìdí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, kó fi kọ tirẹ̀ dábùú, kó sì gba máàkì méjèèjì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ eré yẹn dójú àmì. Wellington Jighere na Lewis Mackay ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní mẹ́rin sí òdo ní àṣekágbá ìdíje àgbáyé ní Perth, Ọsirélíà, ní 2015, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba adé ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n sọ nípa àwọn òṣèré tiwa nígbà yẹn ni pé wọn kì í du ọ̀rọ̀ gígùn ní gbogbo ìgbà, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ kúkúrú gba máàkì, wọ́n á sì tọ́jú lẹ́tà tó dáa sọ́wọ́ de ọjọ́ iwájú. Ọgbọ́n ọjà nìyẹn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Ọ̀rọ̀ tiwa, iwájú ló ti ń hù. Ẹ lọ sí etí ọ̀sà ní Marina níbí láàárọ̀. Ẹja wà nínú àwọ̀n. Ẹni tó pẹja, apẹja ni. Iṣẹ́ rẹ̀, ìpẹja, tàbí pípẹja. Obìnrin tó ń dúró dè é pẹ̀lú abọ́, ẹlẹ́ja. Ẹja kan náà ló wà ní ìdí gbogbo wọn, kò mira, iwájú nìkan ló ń yí: Ẹ, P, A, I. Ọmọ tó bá fẹ́ kó ẹbí yìí jọ nínú atúmọ̀ èdè máa ṣí ìwé síwá sẹ́yìn títí ọwọ́ á fi ro ó. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ń pè é ní kíláàsì. À máa ń kọ́ ọ fún ìdánwò, a óò sì gbàgbé pé òun ló ń darí ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé nínú ìwé.

Oní ló tún burú jù nínú wọn, nítorí kì í dúró ní oní. Bó bá pàdé gàárì, onígàárì. Bó bá pàdé àgbọn, alágbọn, wọ́n sì pọ̀ ní ìlú yìí. Epo, elépo. Ẹja, ẹlẹ́ja. Owó, olówó. Ọjà, ọlọ́jà. Àfòmọ́ kan ṣoṣo ti pín ara rẹ̀ sí lẹ́tà A, E, Ẹ, O àti Ọ.

Àjàyí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London ní 1843, kó tó di pé òun àti àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ síbí ní 1845. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tó parí ní 1845, ṣì dúró ní Marina, àwọn tó ń mú àlejò kiri á sì sọ fún yín pé ibẹ̀ ló ti ṣe nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì. Àwọn ọmọ mi ti wọ ibẹ̀ títí ó ti sú wọn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ìwé atúmọ̀ èdè wa ń tẹ̀ lé láti ìgbà náà, bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé atúmọ̀ èdè ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì náà, jáde ní Èkó ní 1913, ọdún kan náà tí Arthur Wynne gbé crossword, eré àpótí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń dábùú ara wọn, àkọ́kọ́ sínú ìwé ìròyìn New York World, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá. Ẹ mú atúmọ̀ èdè Yorùbá èyíkéyìí tó bá wà nílé, ẹ má kà á, ẹ kàn fi àtàǹpàkò wọ̀n bí A àti I àti O àti Ọ ṣe nípọn tó, kẹ́ ẹ wá wo H.

Rẹ́jísítà kíláàsì náà ń sọ ọ́. Olú, Adé, Ọlá, Ayọ̀, Ọmọ, Ìyá: bí orúkọ bá pé, fáwẹ̀lì ló sábà máa ń ṣíwájú rẹ̀. Ìgbà tá a bá gé e kúrú ló ń fọ́n ká, Fẹ́mi, Bọ́lá, Tóyìn, Ṣadé, Kúnlé. Nínú eré wa, ọmọ tó bá gbọ́n kì í wá orúkọ lórí B. Ó máa ronú orúkọ gígùn, á sì gé orí rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tí wọ́n tètè mọ̀ ni àpètúnpè. Lẹ́tà kọ́ńsónáǹtì yòówù kó bọ́ sílẹ̀, ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó fi lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀, ẹ tún lẹ́tà náà kọ pẹ̀lú fáwẹ̀lì í sí iwájú rẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀-orúkọ: jíjẹ, títà, fífọ̀, híhó. Orísun tí kò lè gbẹ láé. Ọmọbìnrin kan fi gba máàkì lábẹ́ "nǹkan" títí tí àwọn yòókù fi fẹjọ́ sùn mí. Mo ní nǹkan ni ohun tí a lè fọwọ́ kàn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò lè fọwọ́ kan afẹ́fẹ́, ẹ sì gbà á lánàá." Ẹjọ́ yẹn ṣì wà ní kóòtù.

Ṣé ẹ rí i, tí mo bá ń ṣe crossword Yorùbá fún wọn, tí mo sì fún wọn ní lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ohun tí mo fún wọn. A níwájú? Ìdajì ayé ló fi A bẹ̀rẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀ lé fáwẹ̀lì yẹn ni kí ẹ fún ènìyàn, á rí ọ̀nà.

Àpẹẹrẹ kan. Àpótí mẹ́ta, èyí tó ṣíwájú ṣófo, j ló wà láàárín, a ló gbẹ̀yìn. Fáwẹ̀lì wo ló lè wọ àpótí àkọ́kọ́? Méje la ní nínú ábídí wa, a, e, ẹ, i, o, ọ, u. U kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó jáde (ìyá Èkìtì, ẹ jọ̀ọ́). Ó ku mẹ́fà. Àǹkóò fáwẹ̀lì tún ní tirẹ̀ í sọ: nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kì í ṣe àkànpọ̀, tí lẹ́tà a bá wà níparí, e àti o kì í ṣíwájú rẹ̀, ẹ àti ọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ku mẹ́rin. Ẹ wá gbé wọn sí i níkọ̀ọ̀kan: ajá. Ẹja. Ìjà. Ọjà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wọlé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà lẹ sì máa bá pàdé lọ́jọ́ ọjà létí ọ̀sà, ìjà sì sábà máa ń jẹ́ nítorí pé ajá gbé ẹja. Ìtumọ̀ tí mo bá kọ sábẹ́ ni yóò yan ọ̀kan. Ọmọ tó bá mọ ètò yìí kò nílò fóònù. Ó máa gbìyànjú fáwẹ̀lì mẹ́rin, ó parí.

Ohùn náà ń ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ ìbílẹ̀ wa tó bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ kì í gbé ohùn òkè síwájú. Ohùn àárín tàbí ìsàlẹ̀ ni. Tí ẹ bá rí àmì òkè lórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́, àlejò ló wọlé yẹn, áńgẹ́lì, íńkì, íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Gb. Mo ní kí wọ́n kọ àgbọn sínú àpótí. Wọ́n ka márùn-ún, èmi ka mẹ́rin. Ábídí wa jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Gb sì jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, nítorí náà àpótí kan ló ni í, bó ti wù kó há mọ́ ọn tó. Wọ́n tún bi mí nípa n tó gbẹ̀yìn: ṣebí ọn jẹ́ ìró kan ṣoṣo? Òótọ́ ni, àmọ́ ọn kò sí nínú ábídí, torí náà n gba àpótí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ló tún le jù. Àwọn kan ní ká yọ gbogbo àmì kúrò kí eré lè rọrùn. Tí a bá yọ ọ́, àgbọn tí à ń fọ́ jẹ, agbọ̀n tí a fi ń ru ú, àgbọ̀n abẹ́ ẹnu àti agbọ́n tó ń ta ni á di ọ̀kan náà, irú eré wo nìyẹn? Síbẹ̀, tí a bá fi àmì sí i, ọ̀rọ̀ tó dábùú ní láti gbé ohùn kan náà níbi tí wọ́n ti pàdé, iṣẹ́ ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ á sì di ìlọ́po. Ohun tí mo fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àmì abẹ́ lẹ́tà gbọ́dọ̀ bára mu, lẹ́tà o kò lè pàdé lẹ́tà ọ. Ohùn ní tirẹ̀, kí oníkálukú kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn rẹ̀.

A ti gbìyànjú Scrabble náà. A kó C, Q, V, X àti Z kúrò, méje nínú ọgọ́rùn-ún ègé, ó ku mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. A fi máàkà kọ àmì sí abẹ́ E mẹ́fà nínú méjìlá, sí abẹ́ O mẹ́rin nínú mẹ́jọ, sí abẹ́ S méjì. Páálí bisikíìtì la gé fún Gb. S tó jẹ́ ọba lórí pátákó Gẹ̀ẹ́sì di aráàlú lásán lọ́wọ́ wa, I ló gorí oyè, torí I ló ń gun iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlòmíràn tó sì ń sọ ọ́ di tìrẹ. Ẹnì kan tẹ́ sè, o gbé I síwájú rẹ̀, ìsè ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Nítorí náà ni ẹni tó mòye kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ kí àyè wà níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí la yí òfin eré ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà. Kọ́ńsónáǹtì nìkan là ń kà báyìí, B, D, F, G, Gb lọ títí dé Y. Ọ̀rọ̀ tí kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ lẹ́tà tó bọ́ sílẹ̀ ló wọlé, fáwẹ̀lì wà níwájú rẹ̀ tàbí kò sí. Ilé àti ulé bọ́ sábẹ́ L, iṣẹ́ àti uṣẹ́ bọ́ sábẹ́ Ṣ, ìyá Èkìtì kò tún yọ orí mọ́, àfi tó bá fẹ́ bá wa ṣeré. Àgbádárìgì àti Gbagli jọ wà lábẹ́ Gb. Badagry dá wà lábẹ́ B rẹ̀. Lábẹ́ Gb náà, àgbò àti àgbọ̀nrín wọlé fún ẹranko. H tí wọ́n máa ń sá fún tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń jẹ máàkì: ahun, ehoro, ihò, ahá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní òun fẹ́ fi ìwé mi ṣe ètò orí fóònù, kéèyàn lè máa tẹ kọ́ńsónáǹtì kí ọ̀rọ̀ máa jáde. Ohun àkọ́kọ́ tó bá pàdé ni pé fóònù ka ẹ̀kọ́ sí lẹ́tà márùn-ún. Nínú Unicode, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń fún lẹ́tà ní kóòdù, lẹ́tà ẹ tó gbé àmì ohùn kò ní kóòdù kan ṣoṣo. Ẹ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, wọ́n á wá kó ohùn lé e lórí bí ohun ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́. Ẹ̀rọ rí márùn-ún, ojú wa rí mẹ́ta. Ó ti rí ọ̀nà gbà yẹn, ó ń ka àmì mọ́ lẹ́tà tó gùn lé. Ìbéèrè tó mú wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ti aáyán, eérú àti oògùn, tí fáwẹ̀lì méjì ṣíwájú wọn. Mo ní kó fo méjèèjì. Aáyán, Y. Eérú, R. Oògùn, G. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n wá ronú sí ńlá àti ǹjẹ́, tí n dá ohùn gbé níwájú. Ǹjẹ́, mo ní kó fi sábẹ́ N. Ńlá, mo ní kó jẹ́ kí n bi àwọn ọmọ.